Fíìmù Tí A Gé Etí Rẹ̀ Kúrò

Sheffield,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo gbàgbọ́ pé ooru oṣù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òtútù ṣì mú, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹjọ́ yín sun ẹ̀yin fúnra yín. Láti oṣù Kìn-ín-ní ni mi ò ti rí ojú yín lórí fóònù mọ́. Jọmílójú ní ojú fóònù yín ti fọ́. Mo ní kí ó gbé tirẹ̀ fún yín, ó ní ẹ ní lẹ́tà ni ẹ fẹ́, pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣe é tún kà. Ó dára. Ọ̀gá ilé ìwé ni yín lóòótọ́, ìfẹ̀yìntì kò yí i padà. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni àpòòwé ń lò lójú ọ̀nà. A ó máa fara dà á.

Ọ̀rọ̀ Jọmílójú ló jẹ́ kí n mú bírò. Yunifásítì tó wà nítòsí mi níbí ti gbà á fún oṣù Kẹsàn-án. Ohun tó kù ni físà, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ṣọ́ ọ, nítorí ẹ mọ àbígbẹ̀yìn yín: ohun tí ẹlòmíràn bá ṣe ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni tirẹ̀. Nọ́mbà kan wà tí ilé ìwé yóò fi ránṣẹ́ sí i. Láìsí i, fọ́ọ̀mù kò ní ṣí. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìrìnnà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí tó gbà ní yunifásítì Ìjagun mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ti owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì, èmi ni yóò bójú tó o. Ẹ má ronú lé e.

Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé dáadáa ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí dókítà ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ohun tí àìmọ̀ nípa rẹ̀ ń fà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, tí yóò lò ju oṣù mẹ́fà lọ níbí, gbọ́dọ̀ ṣe é ní ilé àyẹ̀wò tí ìjọba ibí fọwọ́ sí. Èkó ni Jọmílójú yóò lọ. Wọn yóò ya àwòrán àyà rẹ̀. Tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá mọ́, wọn yóò fún un ní sátífíkéètì tí yóò wúlò fún oṣù mẹ́fà. Tí wọ́n bá rí òjìji kan nínú àwòrán náà, wọn yóò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti mọ̀ bóyá kòkòrò àrùn náà yóò hù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ló máa ń jẹ́ kí ilé ìwé wọlé láìsí ọmọ.

Kí wọ́n tó ya àwòrán rárá, wọn yóò bi í ní ìbéèrè. Ṣé ó ń wúkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ń rù? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó ń gbé ní àrùn náà? Òótọ́ ni kí ó sọ. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó purọ́ lórí ọ̀rọ̀ físà, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ gbogbo rẹ̀ ni, kí ohunkóhun má bàa bá wa lójijì.

Ìwé tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba ibí, ti pé kí n lè máa gbé níbí títí lọ. Tí mo bá jáde kí wọ́n tó dá mi lóhùn, wọn yóò gbà pé mo ti fa ìbéèrè mi sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mi ò tíì wálé. Ẹ má bínú.

Ẹ bá mi kí àbúrò yín tí kì í pè yín ní ẹ̀gbọ́n, Àǹtí Mọ́ṣádé, ní Odogbolu.

Èmi ni ọmọ yín,
Mosúnmọ́lá.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Àjíǹde, 31 oṣù Kẹta, 2024.

Mosúnmọ́lá, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fi bírò pupa fàlà sí abẹ́ ibi tó ṣe pàtàkì, bí ìgbà tí mo bá ń máàkì ìwé yín. O ṣàlàyé dáadáa. Ìyá yín ì bá ní ta ló fi ẹnu gígùn yìí jọ, òun sì mọ̀.

O béèrè ara mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, Mosún. Ara ń ṣe bí ti ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Mo ti fi ẹ̀kọ́ kejì tí mo máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lé Gilbert lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọrin. Ó ń sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ yìí, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn wà níbẹ̀. N kò mọ̀ pé bí ìsìn Àjíǹde ṣe máa ń dára tó nìyẹn téèyàn bá jókòó síbi tí kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ìròyìn kan wà tí o gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ mi gbọ́ kí o tó gbọ́ ọ níbòmíràn. Mo ti ní kí Jọmílójú lọ máa gbé ní ilé Mọ́ṣádé ní Odogbolu títí tí ọ̀rọ̀ físà yìí yóò fi yanjú. Ó sunkún. Ó ní ṣé mo ń lé òun ni. Mo ní ibẹ̀ dákẹ́ ju ibí lọ, iná sì máa ń dúró níbẹ̀, kí ó lè kàwé. Òótọ́ sì ni méjèèjì. Mọ́ṣádé fúnra rẹ̀ dé, ó dúró ní àárín yàrá, ó ní, “Richard, ọmọ tó ń se oúnjẹ fún ẹ lò ń lé jáde yìí. Ṣé o fẹ́ gbéyàwó ni?” Mo ní kí ó máa retí ìwé ìpè. Ó ní òun kò ní wá.

Àwo mi, ife mi àti ṣíbí mi ni mo ń fọ̀ fúnra mi báyìí. Kò burú.

Ìbéèrè méjì ni mo ní lórí lẹ́tà rẹ. Ìkíní: “ilé tí ó ń gbé” tí o kọ yẹn, ṣé ilé tí ó ń sùn sí lákòókò àyẹ̀wò ni? Ìkejì: nígbà tí wọ́n bá béèrè bóyá ẹnìkan ní àrùn náà, ṣé èyí tí dókítà ti wò tí ó sì ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wí? Mo ń béèrè nítorí mo fẹ́ kí gbogbo ohun tí ọmọ yìí bá sọ níbẹ̀ jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ní irọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwé tìrẹ náà jáde. Má wá o. Dúró de ìwé rẹ.

Bàbá rẹ,
R. A. Fálolú.


Sheffield,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìdáwà náà, nítorí mo ti bá Jọmílójú sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní òun wá kí yín ní ọjọ́ Sátidé, ojú fèrèsé ni ẹ ti dá òun lóhùn, ẹ ní ẹ ń fọ ilé. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ẹ ní kí ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá, kí lọmọ yìí ṣe yín? Tí ó bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò ní ẹlòmíràn tó ń sá bá.

Ẹ̀ ń béèrè ìbéèrè bí agbẹjọ́rò. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé tí ó ń gbé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú. Ìbéèrè yẹn kò kàn wá. Kò sí ẹni tó ń wúkọ́ nílé wa.

Mo ti bá a mú ọjọ́ àyẹ̀wò: ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje. Wọ́n fẹ́ fún un ní ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, èmi ni mo ní rárá. Nọ́mbà ilé ìwé kò ní dé títí di àárín oṣù Keje, n kò sì fẹ́ kí sátífíkéètì ti máa darúgbó kí ó tó dé. Ìṣètò ni gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, Edinburgh ni màá wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, n kò ní padà sílé títí di àárín oṣù Kẹfà. Tí ẹ bá kọ̀wé, aládùúgbò mi yóò bá mi gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Ìṣẹ́jú kan péré. Kí ẹ kàn ní, “Mosún, ṣé o ti jẹun?”

Ọmọ yín,
Mosúnmọ́lá.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2024.

Mosún,

Ṣé o ti jẹun? Mo ti sọ ọ́. Fi ohùn mi kà á.

Jọmílójú kò ṣẹ̀ mí. Kí ó má rò bẹ́ẹ̀ láé.

Fíìmù àwòrán àyà kan wà nínú páálí tí mo fi lẹ́tà yìí sí. Mo gé etí rẹ̀ kan kúrò. Mo fẹ́ kí o wò ó bí o ṣe máa ń wo ti àwọn tí o kò mọ̀ rí, kí o sì sọ ohun tí o bá rí fún mi láìfi ohunkóhun bò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni èyí: ṣé àyà yìí lè dúró di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje?

Mo rántí pé o ní o máa lọ sí Edinburgh. Bóyá wọ́n á tètè jọ̀wọ́ rẹ.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ìwé kò pọ̀ lónìí nítorí ọwọ́ ń rẹ̀ mí.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Àná ni mo dé láti Edinburgh. Àná ni aládùúgbò mi gbé páálí yín fún mi. Ó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Mo kà á, mo sì rò pé àyà Jọmílójú ni, pé ẹ mú un lọ ya àwòrán ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ lè mọ̀ bóyá yóò yege ní Èkó. Mo gbé fíìmù náà sí ojú fèrèsé. Ojú iṣẹ́ ni mo fi wò ó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ti jẹ, ihò kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyin adìẹ. Ti òsì ti ń tẹ̀ lé e. Mo pe Olúwa, nítorí mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló ni ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn, etí rẹ̀ ti funfun, ó ti le. A kì í rí ìyẹn lára ọ̀dọ́. Ara mi balẹ̀. Mo ní wọ́n ti ṣe àṣìṣe, wọ́n ti gbé fíìmù bàbá àgbà kan fún ọmọ wa. Ẹ gbọ́ o, ara mi balẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ojú mi dé eegun èjìká òsì.

Ó ti dá rí, ó sì jinná ní wíwọ́. Mo mọ eegun náà. Ní 1996, ẹ gbé mi sẹ́yìn máṣíìnì yín lọ ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì. Òjò ti rọ̀, a ṣubú ní ọ̀nà Ìjagun. Ẹ dìde, ẹ gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù mi, ẹ ní kò sí nǹkan kan, a sì ń lọ. Ẹ dúró ní abẹ́ igi fún wákàtí méjì tí mo fi ń kọ ìdánwò. Nígbà tí mo jáde, ẹ bi mí léèrè nọ́mbà keje, ẹ sì rẹ́rìn-ín pé mo gbà á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ lẹ́nu ìyá wa pé eegun yín ti dá láti òwúrọ̀, pé oníṣègùn eegun kan ní Odogbolu ló so ó.

Mo pe Àǹtí Mọ́ṣádé lójú ẹsẹ̀. Kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ ó ti wà ní ilé ìwòsàn. Mo sì ti sọ fún Jọmílójú. Ẹ óò bínú. Ẹ bínú.

Mo ń kọ èyí nítorí wọ́n ní ikọ́ kò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀yin kọ́ ni kò fẹ́ fóònù. Fóònù ni kò ní bá yín bo ikọ́.

Bàbá, oògùn àrùn yìí ọ̀fẹ́ ni ní Nàìjíríà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó. Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, oṣù tí a wà yìí ni ẹ̀ bá parí rẹ̀. Ọmọ yín ni dókítà ẹ̀dọ̀fóró. Èmi ni àwọn àjèjì ń wọkọ̀ ojú irin wá bá láti ìlú mìíràn. Kí ló dé?

Mosúnmọ́lá.


Ilé ìwòsàn, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 2024.

Mosún ọmọ mi,

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ èyí, díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mùínátù ló fún mi ní bébà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi.” Mo ní ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè. Ó ní ṣé ìdánwò ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí Ojúde Ọba ku ọ̀la ni wọ́n gbé mi débí. Ọ̀nà ti kún, wọ́n ń fi ẹṣin dánrawò. Mọ́ṣádé ń bú àwọn ẹlẹ́ṣin láti inú kẹ̀kẹ́, ó ń bú mi, ó ń bú ìwọ náà tí o wà ní Sheffield. Ó wá sunkún. N kò rí i kí ó sunkún láti ìgbà ìsìnkú ìyá yín.

O béèrè kí ló dé. Ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́, mo sì rò pé ọyẹ́ ni. N kò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lórí fóònù, nítorí wàá da ìwé rẹ rú kí o lè wálé. Nígbà tí mo fi rí ẹ̀jẹ̀ lára áńkáṣíìfù, lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ ti dé. Mo jókòó, mo rò ó. Bí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, wọn yóò kọ orúkọ àrùn náà sílẹ̀, Jọmílójú yóò sì mọ̀. Bí ó bá mọ̀ tí ó sì sọ ní Èkó, wọn yóò dá a dúró. Bí ó bá mọ̀ tí kò sì sọ, irọ́ ni, ọdún mẹ́wàá ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí ó má gbé inú ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má sì tíì pe ohun tó ń ṣe mí lórúkọ. Nígbà náà, rárá tí yóò sọ yóò jẹ́ òótọ́. Yóò sì tún jìnnà sí èémí mi. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, Mosún. N kò rí ibi tí mo ti ṣì í.

Mo ya fíìmù yẹn nítorí mo fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó kù. Mo sọ fún ẹni tó yà á pé kí ó má sọ nǹkan kan fún mi. Ẹnu rẹ nìkan ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. N kò rántí eegun yẹn. Mo gé orúkọ mi kúrò, mo gbàgbé pé o lè kà mí láìsí i.

Ó dùn mí pé o sọ fún Jọmílójú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé ẹrù yìí, ìrìn díẹ̀ ló kù kí n sọ̀ ọ́. Ó ń wá síbí lójoojúmọ́ báyìí, ó ń fi nǹkan bo imú, ó ń jókòó tì mí. Mo ní kí ó lọ, kò lọ. Ó ní òun kò ṣe àyẹ̀wò kankan mọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ju ìyẹn lọ. Má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ já sí asán.

Má wá. Ìwé rẹ.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi,

Mo ti kọ̀wé sí ìjọba ibí pé kí wọ́n dá ìwé ìrìnnà mi padà. Wọ́n ní yóò gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ń pè wọ́n lójoojúmọ́. Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé kí n má wá.

Mo ti ka lẹ́tà yín. Mo fi bírò pupa wá ibi tí ẹ ti ṣì í, n kò rí i. Ìṣirò yín pé. Èmi ni mi ò fún yín ní gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ fi ṣe é.

Ìlà kan ló kù nínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá béèrè, láìwo ìwé. Mo fò ó nítorí mo rò pé kò kàn wá. Nígbà tí ẹ sì béèrè ní oṣù Kẹrin, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ mi lé e, mo fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀, mo pè yín ní agbẹjọ́rò. Ìlà náà nìyí:

Tí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò bá ti bá ẹni tó ní àrùn náà gbé, ṣùgbọ́n tí àyà tirẹ̀ mọ́, wọn yóò fún un ní sátífíkéètì. Oṣù mẹ́ta ni yóò wúlò fún, dípò oṣù mẹ́fà.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Bàbá. Wọn kò ní dá a dúró. Ẹ̀ bá ti gba oògùn láti oṣù Kẹta, Jọmílójú ì bá wà ní ilé rẹ̀, ì bá máa se oúnjẹ fún yín, ì bá lọ sí Èkó, ì bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi ní i, ó ń lo oògùn. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n á kọ síbẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ lo oògùn. Ẹ jẹ ẹyin tí Àǹtí Mọ́ṣádé ń sè wá. Ẹ dúró dè mí.

Mosúnmọ́lá.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, 2024.

Àǹtí Mosún,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà kì í lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo wá rò ó pé kí n ṣe bíi tiyín.

Mo rí gbogbo lẹ́tà náà nínú dúrọ́ọ̀ Bàbá, àwọn tiyín, àti àwọn tirẹ̀ tó kọ́kọ́ kọ kí ó tó dà wọ́n kọ. Mo kà wọ́n tán. Àǹtí, láti oṣù Kẹta ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń kọ̀wé nípa mi. Orúkọ mi wà nínú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó kọ ìlà kan sí mi. Tí ẹnìkan bá ti bi mí léèrè, ǹ bá ti sọ pé bàbá mi ni mo fẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń wúkọ́. Ogiri kan ló wà láàárín wa. Ó ní ọyẹ́ ni, mo sì gbà, nítorí kò purọ́ fún mi rí.

Ẹ ń béèrè bóyá ó rí lẹ́tà yín tó kẹ́yìn. Ó rí i. Ọjọ́ kẹwàá ló dé, èmi ni mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi ìlà yẹn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, “Oṣù mélòó?” Mo ní mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ ìbora: Kẹjọ, Kẹsàn-án, Kẹwàá. Ó ní, “Ilé ìwé wọn ń wọlé ní Kẹsàn-án.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó tó. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò gé máàkì yín, pé lẹ́tà tó gùn tó yẹn, ènìyàn lè gbàgbé ìlà kan nínú rẹ̀. Ó ní òun ni ó yẹ kí òun béèrè tààrà. Ó ní, “Ojú ló tì mí láti bi ọmọ mi.”

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ẹ̀jẹ̀ ya lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Mùínátù wà níbẹ̀. Kò pẹ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà ìsìnkú tí ẹ ń wò lórí fóònù, ẹ kò gbọ́ Gilbert. Òun ló ka ẹ̀kọ́ kejì. Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń kà á jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí Àǹtí Mọ́ṣádé fi ní, “Richard gbọ́ ìyẹn.”

Mo lọ sí Èkó ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. N kò fẹ́ lọ. Àǹtí Mọ́ṣádé ló tì mí wọ mọ́tò, ó ní tí n kò bá lọ, òun yóò lọ ya àwòrán náà dípò mi. Àyà mi mọ́. Sátífíkéètì wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ni yóò kú. Oṣù mẹ́ta, bí ẹ ṣe wí.

Obìnrin tó ń béèrè ìbéèrè níbẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ó bi mí bóyá mo ti bá ẹnikẹ́ni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè àdírẹ́sì. Odogbolu ló wà lórí fọ́ọ̀mù tí Bàbá bá mi kọ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ ni, lẹ́tà rẹ̀ gún régé. Mo fa ìlà pa á, mo kọ ti ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wá bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti ń bá ẹni náà gbé. Ó gbé bírò dúró, bóyá oṣù ló ń retí kí n kà fún un.

Mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Àbúrò yín,
Jọmílójú.